Ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé: omi, ìmọ́lẹ̀, àti bí a ṣe ń yà wọ́n kí àwòrán mọ́

Ọmọlẹ́yẹ_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé kan. Láti ara ilé dé ògiri, mítà 12 ni. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 10. Igi ìbẹ́pẹ méjì wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì ní igun kan, ẹ̀ka mángòrò aládùúgbò sì yọ wọlé lórí ògiri. Ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé ilé ìdáná dojú kọ. Àdàbà ń wá, ẹ̀ga ń wá, ológoṣẹ́ ń wá, pẹ̀lú ẹyẹ tíńtín kan tí àgógó rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, tó máa ń mu omi òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kámẹ́rà APS-C ni (irú èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kò tóbi tó ti fúlù-fíréèmù), lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ 70–300 (mílímítà ni; ní 300 ló ń fa nǹkan súnmọ́ jù).

Àwòrán kì í mọ́. Ẹyẹ á rí bíńtín láàárín ewé, tàbí kó ṣókùnkùn, tàbí kí ìyẹ́ ara rẹ̀ rí bí ohun tí wọ́n fi àkísà nù. Ṣé lẹ́ńsì ni kí a pààrọ̀ ni, àbí nǹkan mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú?

Bàbá_Ẹ̀ga

Ẹ má tíì ra lẹ́ńsì. Ẹ gbé omi síta ná.

Oúnjẹ àdàbà kọ́ ni oúnjẹ ẹyẹ olómi-òdòdó, àmọ́ gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọn yóò ti mu omi tí wọn yóò sì ti wẹ̀. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo kòtò omi àdúgbò, àwo omi kan á mú ẹyẹ tí ẹ ò rí rí jáde. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń ya àwòrán ni pé ẹ̀yin lẹ yan ibi tí ẹyẹ yóò bà sí. Ẹ ò lé e kiri mọ́. Ẹ ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wá, ẹ ti mọ ohun tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti mọ iye mítà tó wà láàárín yín.

Ẹ wá àwo amọ̀ tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 35 sí 45. Kí omi etí rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí àárín má ju 5 lọ. Bí inú rẹ̀ bá ń dán, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, torí ẹyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní í fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ gbé òkúta pẹrẹsẹ kan sí àárín kí orí rẹ̀ yọ díẹ̀ lójú omi. Ibẹ̀ ni àwọn kéékèèké máa ń dúró sí. Abọ́ ike fúyẹ́, atẹ́gùn á dojú rẹ̀ dé. Abọ́ irin á gbóná nínú oòrùn ọ̀sán débi tí ẹsẹ̀ kò ní í lè gbà á.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí a tò léra, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90, tó láti gbé e ga kúrò lọ́wọ́ ológbò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ yí i ká tó mítà 2, kí ológbò má rí igbó ba sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ka igi kan wà lókè nítòsí tí ẹyẹ yóò sá sí bí àṣá bá kọjá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sílẹ̀ nìyí: ẹ gún ẹ̀ka gúáfà gbígbẹ kan sílẹ̀, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju etí àwo lọ, kí ó sì jìnnà sí àwo ní ìdajì mítà. Ẹyẹ kì í já wọ omi tààrà. Á kọ́kọ́ bà sórí ẹ̀ka yẹn, á yí orí sọ́tùn-ún sósì, á wo òkè, kó tó wá sọ̀kalẹ̀. Orí ẹ̀ka yẹn ni àwòrán yín wà. Kí ẹ̀ka náà má nípọn ju ìka àtàǹpàkò lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bo ẹsẹ̀ ológoṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Omi tó ń kán a máa pè wọ́n kíákíá ju omi tó dákẹ́ lọ. Ẹ ra okùn dírípù tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì (tuntun o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lò fún aláìsàn), ẹ kì í bọ ìdérí ike omi lítà 1.5, ẹ lu ihò atẹ́gùn kékeré sí ìdí ike náà, ẹ dorí rẹ̀ kodò kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka ní mítà kan sókè àwo. Rọ́bà oníkẹ̀kẹ́ tó wà lára okùn yẹn lẹ ó fi dín omi kù títí tí yóò fi máa kán ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú okùn tí wọ́n sábà ń tà, ẹ̀kán 20 ló ń jẹ́ mílílítà 1. Ìyẹn ni pé mílílítà 180 ń lọ ní wákàtí kan, lítà 1.5 yóò sì gbé yín láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bó bá dákẹ́ lójijì, ó ṣeé ṣe kí ihò atẹ́gùn ti dí, tàbí kí iyanrìn omi kànga ti wọ okùn. Ẹ sẹ́ omi náà kí ẹ tó rọ ọ́.

Ìyá_Ixora

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n fi ti ẹ̀fọn kún un, torí òun ni ìyàwó ilé máa kọ́kọ́ bèèrè, òótọ́ ló sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Nínú ooru wa, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Nítorí náà omi kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 2 lọ nínú àwo. Dídà á nù nìkan kò tó. Àwọn ẹ̀fọn aláwọ̀ tótòtó tó ń jẹni lọ́sàn-án máa ń lẹ ẹyin wọn mọ́ ara àwo lókè omi díẹ̀, ẹyin náà kì í kú bí àwo bá gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì líle ni kí ẹ fi ha etí rẹ̀ yíká, kí ẹ ṣàn án dànù sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹ bá ti rí tanwíjí tó ń jó nínú omi, ẹ ti pẹ́ jù.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má da kẹrosíìnì tàbí òróró sójú omi nítorí ẹ̀fọn. Epo yẹn á lẹ̀ mọ́ ìyẹ́, ìyẹ́ tó bá ti gba epo kò lè ti omi dànù mọ́. Ẹyẹ tó fi wẹ̀ lè má lè fò dáadáa, òtútù á sì máa mú un.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ní yẹn, ẹ má gé ọkàn rẹ̀ pupa tó so rọ̀ nísàlẹ̀ èso dànù. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gé e kí ọmọ lè tóbi. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹyẹ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni awẹ́ pupa kan máa ń ká sókè, tí òdòdó tuntun á hàn lábẹ́ rẹ̀, omi dídùn á sì kún inú rẹ̀. Lára awẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká yẹn ni ẹyẹ tíńtín yẹn máa ń fi èékánná dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan sí i, ixora àti hibiscus olódòdó pupa dára, wọn kò gba àyè púpọ̀. Orúrù náà dára gan-an, òdòdó rẹ̀ a máa gba omi bí ife, ṣùgbọ́n igi ńlá ni, ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ oògùn kòkòrò dúró ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹyẹ tó ń mu omi òdòdó, kòkòrò àti aláǹtakùn ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

Lẹ́ńsì_300

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà ló kàn. Lórí APS-C, bí lẹ́ńsì bá wà ní 300 tí ẹyẹ sì wà ní mítà 4, gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí láti òsì sí ọ̀tún kò ju sẹ̀ǹtímítà 31 lọ. Ẹyẹ olómi-òdòdó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹ gbé e sí mítà 8, fífẹ̀ náà di 63, ẹyẹ di ìdá kan nínú mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí bíńtín. Lẹ́ńsì yín kò burú, mítà 4 tí ẹ bá rí gé kúrò sàn ju owó lẹ́ńsì 600.

Àmọ́ ní mítà 4 yẹn, ohun tí yóò mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn ní f/5.6 (f ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ń tóbi ni ihò ń kéré) kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ní f/8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6. Ẹ̀ga gùn tó 16. Bó bá dojú kọ yín gbọnrangandan, ojú rẹ̀ á mọ́, ìrù rẹ̀ á ṣú. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni kí ìrù mọ́ kí ojú ṣú. Fókọ́ọ̀sì alámì kan ṣoṣo ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé àmì yẹn sórí ẹyinjú, kí ẹ dúró de ìgbà tí ẹyẹ bá fẹ̀gbẹ́ sí yín.

Ìyára ṣọ́tà, ìyẹn ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí kámẹ́rà fi ń ṣí: 1/500 kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹyẹ tó bà, torí orí wọn kì í dúró. Ẹni tó ń wẹ̀, 1/1250. Ẹni tó ń fò, 1/2000. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà yan ISO (bó ṣe ń fi agbára gba ìmọ́lẹ̀) fúnra rẹ̀, kí ẹ fi òpin sí 3200. Lẹ́ńsì 70–300 tí kò wọ́n a máa rọ̀ díẹ̀ ní 300 bí ojú rẹ̀ bá ṣí tán. Ẹ pa á dé f/7.1 tàbí f/8 bí ìmọ́lẹ̀ bá gbà. Ẹ wo inú ètò kámẹ́rà, ẹ dín ohun tó ń pa èérún àwòrán rẹ́ (noise reduction) kù sí ìpele tó kéré jù. Bó bá wà lókè, òun náà wà lára ohun tó ń sọ ìyẹ́ di àkísà.

Nípa oòrùn: fèrèsé tó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn ní wàhálà tirẹ̀. Láàárọ̀, oòrùn wà lẹ́yìn yín, èyí dára, ṣùgbọ́n òjìji ilé bo ẹ̀yìnkùlé. Bí ilé bá ga ní mítà 4, nígbà tí oòrùn bá fi gun òkè dé ìwọ̀n dígírì 35, tó jẹ́ nǹkan bí aago 9, òjìji náà á ṣì gùn tó mítà 6. Ẹ wá wò ó: bí àwo bá wà ní mítà 4, kò ní í rí oòrùn tó mọ́ kí oòrùn tó di líle. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn á wá kojú yín, ẹyẹ á di òjìji dúdú.

Ohun tí mo rí tó dára jù ni kí ẹ gbé àwo sí mítà 7 láti ilé, kí ẹ má ya láti fèrèsé, kí ẹ jókòó sínú àtíbàbà kékeré ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù tàbí àríwá, mítà 4 sí àwo. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ wá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, á sì fi ìlà ìyẹ́ hàn. Laarin aago 11 sí 3, ẹ sinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ń dúró sí àtàrí gan-an ní Ìbàdàn; òjìji iwájú orí ẹyẹ á bo ojú rẹ̀, kò sí ohun tí kámẹ́rà lè ṣe sí i.

Ọmọlẹ́yẹ_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. Àtíbàbà yẹn, irú kí ni? Ẹ sì jọ̀ọ́, láti inú ilé, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló wà lójú fèrèsé, lúfà sì ni gíláàsì rẹ̀. Ṣé wọ́n wà lára ohun tó ń ba àwòrán jẹ́?

Lẹ́ńsì_300

Wọ́n wà lára rẹ̀ dáadáa. Nẹ́ẹ̀tì kì í hàn nínú àwòrán, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn jẹ. Ó kàn ń gba mímọ́ rẹ̀ lọ, tí dúdú á di eérú. Gíláàsì lúfà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ bó ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, etí ẹyẹ á di méjì. Ẹ yọ gíláàsì lúfà méjì kúrò ní ibi tí lẹ́ńsì yóò gbà, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kí ẹ fi velcro rán an kó lè máa ṣí kó sì máa tì.

Ohun kejì tí kì í hàn ni ooru. Bí lẹ́ńsì bá ń wo ẹyẹ gba orí páànù tàbí orí sìmẹ́ǹtì tí oòrùn ti ń pa láti aago 10, atẹ́gùn gbígbóná tó ń gòkè níbẹ̀ á máa mì tìtì. Fókọ́ọ̀sì á bọ́ sí i dáadáa, síbẹ̀ kò ní í mọ́. Ẹ ya àwòrán mẹ́wàá tẹ̀léra: bí mímọ́ wọn bá yàtọ̀ síra tí ẹyẹ kò sì mira, ooru ni. Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú kámẹ́rà. Ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ pada lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Àtíbàbà: igi mẹ́rin, tapólì aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí aṣọ ọ̀gbọ̀ dúdú, mítà 1 níbùú, 1.4 lóòró. Ihò lẹ́ńsì kan, ihò ojú kan. Ẹ gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ 4 sí 5 kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, kí ó ti di ohun tí ojú wọn mọ̀. Kí aṣọ rẹ̀ má máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ̀rù ohun tó ń mì ń bà wọ́n ju ẹ̀rù ohun tó tóbi lọ. Ẹ pa ohùn kámẹ́rà. Kẹ́ ẹ sì sọ fún aládùúgbò tí ògiri yín jọ pààlà, torí lẹ́ńsì gígùn tó ń yọ láàárín aṣọ dúdú lè dá ìjà tí kò nídìí sílẹ̀.

Ọkà_Bàbà

Oúnjẹ ńkọ́? Jéró àti ọkà bàbà ni mo gbà pé ó tọ́ fún àdàbà, ológoṣẹ́ àti ẹ̀ga. Agolo mílíìkì kan láàárọ̀, kó má ṣẹ́ kù di ọ̀sán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di oúnjẹ eku, bí eku bá ti ń wá, ejò á tẹ̀ lé e. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n tí a là sí méjì, kí a fi ìṣó kàn án mọ́ ẹ̀ka, ló ń mú bulbul wá, ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ olórí dúdú tó máa ń kọ́kọ́ fọhùn láàárọ̀. Búrẹ́dì, gàrí, ohunkóhun tó ní iyọ̀: rárá. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti hu èéhù (tó ti bu), kí a sun ún níná. Májèlé tó wà nínú èéhù yẹn a máa ba ẹ̀dọ̀ ẹyẹ jẹ́ bó ṣe ń ba ti èèyàn jẹ́.

Àdàbà_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti London. Níbí, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń gbé oúnjẹ kọ́ fún ẹyẹ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní lọ́dọọdún, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ níbí, a máa ní kí àwọn èèyàn fi wákàtí kan ka ẹyẹ ọgbà wọn. Láti 1979 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà a ti rí ohun tó lè yọrí sí bí oúnjẹ kò bá mọ́. Láti 2005 ni àrùn kan tí wọ́n ń pè ní trichomonosis ti wọ àárín àwọn ẹyẹ kékeré ilẹ̀ yìí, greenfinch, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé, ló sì pa jù, iye wọn já wálẹ̀ gan-an. Itọ́ àti oúnjẹ tútù ni ó ń gbà ràn. Àdàbà àti ẹyẹlé a máa gbé àrùn yìí lọ́fun.

Ẹ̀yin tí àdàbà pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ fọkàn sí i. Bí ẹ bá rí àdàbà tó wú ìyẹ́ sílẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, tí itọ́ ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó ń gbìyànjú láti gbé oúnjẹ mì tí kò lọ, ẹ kó oúnjẹ àti omi kúrò fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, kí wọ́n lè túká. Ẹ fọ àwo, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ pátápátá. Kòkòrò àrùn náà kì í fara da gbígbẹ. Ẹ máa sún ibi oúnjẹ kiri kí ìgbẹ́ wọn má gbá jọ sójú kan.

Ìyá_Ixora

Ohun tí Àdàbà_Peckham sọ yìí ló jẹ́ kí n fẹ́ omi àti òdòdó ju oúnjẹ lọ. Kò sí ìgbà tí ẹyẹ kì í rí koríko, kòkòrò àti èso jẹ nílẹ̀ wa. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ kí koríko rẹ̀ so èso. Àwọn olongo máa ń fò wá bí ọ̀wọ́, wọn á dì mọ́ ara koríko títí tí yóò fi tẹ̀ kan ilẹ̀. Àwòrán ibẹ̀ dára ju ti orí pẹpẹ oúnjẹ lọ.

Ọkà_Bàbà

Mo gbà. Ẹni tí kò bá ní àkókò láti fọ àwo, kó má gbé oúnjẹ síta.

Bàbá_Ẹ̀ga

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀ga, torí kò sí ẹyẹ tó ń fún kámẹ́rà ní iṣẹ́ tó o ní ìlú wa. Nígbà òjò, akọ á gba àwọ̀ tuntun, orí á dúdú, ara á pọ́n bí ẹyin ìbílẹ̀, ojú á pupa. Ẹ lọ dúró sí ọ̀pẹ tàbí mángòrò tí wọ́n ń hun ìtẹ́ sí.

Akọ á bu etí imọ̀ ọ̀pẹ jẹ níbì kan, á di ibẹ̀ mú lẹ́nu, á wá fò lọ. Bó ṣe ń fò ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ya bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. 1/1600 ló ń gbá a mú, fọ́nrán ewé á wà ní gbọnrangandan lẹ́nu rẹ̀. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun. Á dúró sínú òrùka yẹn, ẹsẹ̀ kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bó bá sì fò lọ wá ewé, ojú ibẹ̀ náà ni yóò máa padà dúró sí títí tí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Ó ń hun yàrá ẹyin síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń hun agbọ̀n yí ara rẹ̀ ká. Ìpele òrùka ni kí ẹ yà, torí ojú rẹ̀ ṣì hàn. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì lé etí òrùka, ẹ tì í pa, ẹ dúró. Á padà wá síbẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tí ìtẹ́ bá parí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Akọ á rọ̀ mọ́ abẹ́ ẹnu ọ̀nà, orí kodò, á máa gbọn apá pìpìpì, á máa ké, á ń pe abo. Abo á wọlé, á fa ewé inú rẹ̀ wò. Ìtẹ́ tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ ló ń fẹ́. Èyí tó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ tí abo kankan kò gbà, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò tún hun òmíràn sójú kan náà. Fún gbígbọn apá yẹn, ẹ ya díẹ̀ ní 1/2000, kí ẹ tún ya díẹ̀ ní 1/60 lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta: orí á dúró, apá á di èéfín àwọ̀ òféfèé. Mo fẹ́ràn èyí kejì.

Ohun tí kò dára ni kí ẹ gé ewé tó bo ìtẹ́ kí ó lè hàn. Kannakánná á rí ohun tí ẹ rí, oòrùn á sì máa sè ọmọ inú rẹ̀. Bí òbí bá ti gbé oúnjẹ lẹ́nu tí kò wọ ìtẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ti sún mọ́ jù. Ẹ sún sẹ́yìn.

Fóònù_Nìkan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ń sọ̀rọ̀ 300. Fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ní. Ṣé kí á kàn máa wò ni?

Lẹ́ńsì_300

Rárá o, àbúrò. Ẹ̀ka tí Bàbá ní kí wọ́n gún sílẹ̀ yẹn, fún fóònù ló dára jù. Di fóònù mọ́ ìdúró kékeré, gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 50 sí 70 sí ẹ̀ka, fi lẹ́ńsì ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bí ó bá ní i. Má fi ìka fa àwòrán tóbi, ìyẹn kàn ń gé e ni. Tẹ ojú fóònù pẹ́ lórí ẹ̀ka kí fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ lè tì pa. Earpiece onírin tó ní bọ́tìnnì ohùn lè máa ya àwòrán lórí ọ̀pọ̀ fóònù bí kámẹ́rà bá ṣí sílẹ̀, bọ́tìnnì kékeré Bluetooth tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọ̀pá selfie náà ń ṣe é. Jókòó sínú ilé, kí o máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rù fóònù bá ń bà wọ́n, gbé páálí tí ìwọ̀n rẹ̀ jọ fóònù síbẹ̀ fún ọjọ́ 3 ná. Fídíò 4K náà wúlò: èèyàn lè yọ àwòrán kan nínú rẹ̀. Fóònù kì í fẹ́ oòrùn ọ̀sán, á gbóná á sì kú. Òwúrọ̀ ni kó o lò ó.

Àwọ̀_Àlùkò

Ọmọlẹ́yẹ ní ẹyẹ òun máa ń ṣókùnkùn. Ìdí méjì ló wà. Èkíní, bí ẹyẹ bá wà níwájú ojú ọ̀run, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á pa á kù. Ẹ fi +1 sí ètò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún àwòrán (exposure compensation). Lékeléke lórí koríko jẹ́ òdìkejì rẹ̀: funfun rẹ̀ á jó, ìyẹ́ kò ní í hàn, ẹ yọ 0.7 tàbí 1 kúrò. Kannakánná ní dúdú ní funfun láyà; ẹ ṣe é fún funfun, kí ẹ wá gbé dúdú rẹ̀ sókè lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn, ni kí ẹ fi yà á.

Èkejì kan ẹyẹ tíńtín yín, sunbird. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ elése-àlùkò tó ń kọ mànà lára rẹ̀ kì í ṣe aró. Bí ìyẹ́ rẹ̀ ti rí ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀, sí ọ̀nà kan pàtó. Lábẹ́ òjìji, dúdú ni. Bí oòrùn bá ti ẹ̀yìn yín wá, ó dúdú, á yí orí, á kọ yẹ̀rì, á tún dúdú, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà ẹ ya mẹ́jọ mẹ́wàá tẹ̀léra, ẹ yan èyí tí ọ̀fun rẹ̀ ti tan. Ọkàn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ga, ẹ má yà á láti ìsàlẹ̀. Àkàbà, tàbí fèrèsé òkè bí ilé bá ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìyá_Ixora

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń sọ ọ́. Bí bulbul bá ń pariwo sójú kan láìdákẹ́, tí àwọn ẹyẹ mìíràn ń pé jọ síbẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀: ejò ni, tàbí ológbò. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo òkè. Bó bá sì jẹ́ pé òjò rọ̀ mọ́jú, ẹ wo orí igbó ní bí aago 7: ẹlúlùú tó máa ń sá pamọ́ yóò jáde wá na apá méjèèjì sí oòrùn kó lè gbẹ. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tó máa ń dúró fún àwòrán. Ohùn rẹ̀ dà bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu ìgò.

Ọkà_Bàbà

Kí n tó gbàgbé, òwìwí. Bó bá ń gbé inú àjà tàbí inú igi yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pa á, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sọ ọ́ lókò. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tó ń sùn, ẹ ó rí ìṣù dúdú roboto tó ń pọ̀ jáde lẹ́nu. Ẹ fi omi tú u, egungun àti irun eku ló kún inú rẹ̀. Láti yà á: ẹ má lo iná flash, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ni, 1/60, ní ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nígbà tó bá jókòó sẹ́nu ihò kó tó fò lọ.

Ọmọlẹ́yẹ_Bódìjà

Àwo àti ẹ̀ka ti wà nílẹ̀, mítà 7 sí ilé. Ó ku ìbéèrè méjì. Ológoṣẹ́ kan ń sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́nu láti àárọ̀. Ẹyẹ kan tó jọ ẹ̀ga, dúdú, tí orí rẹ̀ pupa, sì bà sórí mángòrò lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá_Ẹ̀ga

Ológoṣẹ́ yẹn rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ó rò pé akọ mìíràn ló wá gba ààlà òun. Ẹ fi nylon bo gíláàsì náà bí ọkọ̀ bá dúró. Yóò rẹ̀ ẹ́.

Ti olórí pupa, ẹ fara balẹ̀. Malimbe ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀, red-headed malimbe, pupa rẹ̀ wà ní àtàrí àti ẹ̀yìn ọrùn nìkan, ọ̀fun àti àyà rẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, Malimbus ibadanensis, tí Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, fún lórúkọ ní 1958. Pupa tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí àyà. Ní ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ni àwọn tó ń wá a ti máa ń rí i. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, iwájú ni kí ẹ yà, bó tilẹ̀ ṣú díẹ̀. Ẹ má gé e, ẹ fi sórí eBird, ìkànnì tí wọ́n ń kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sí, bó ṣe wà, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ ti rí i, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè wò ó. Ẹ fi ranṣẹ́ síbí náà.

Ọmọlẹ́yẹ_Bódìjà

Àyà rẹ̀ ni n ó yà. N ó wà nínú àtíbàbà láti aago 6 ààbọ̀ lọ́la.